Kí ló dé tí àjàkálẹ̀-àrùn ọ̀nà jíjìn fi ń dé ìsọ̀ wa ní Òṣogbo?

Ìyá Aláró, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:

Mo kí gbogbo yín o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ aró ni mo ń ṣe ní Òṣogbo níbí. Ọwọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń dá a ṣe. Kaǹpálà alábẹ́là àti àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Mo ń ta díẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kó o lọ sókè òkun ló ń ra èyí tó pọ̀ jù. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ti ní kí n sọ̀rọ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀ lórí bí àjàkálẹ̀-àrùn ṣe ń ba òwò láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè jẹ́, n kò sì fẹ́ dìde láàárín àwọn ènìyàn kí n máa sọ ohun tí kò dá mi lójú. Ìdí nìyí tí mo fi gbé e wá síbí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ní ọdún 2014, nígbà tí Ẹ̀bólà wọ Èkó, kò sí ẹnì kan tó kó o ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Síbẹ̀, oníbàárà mi kan lókè òkun, tí a ti jọ ń ṣe bọ̀ fún ọdún mélòó kan, kọ̀wé sí mi pé kí n má fi ogójì aṣọ tí òun ti béèrè fún ránṣẹ́ mọ́, nítorí pé àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ òun ti ń bẹ̀rù pé aṣọ tó bá ti Nàìjíríà wá lè gbé àrùn náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ aró, ẹ gbọ́ o: aṣọ tí a rẹ sínú aró tó ní kọ́sítíìkì, kẹ́míkà líle tó lè bó ara, tí a bọ̀ sínú omi híhó kí àbẹ́là lè yọ kúrò lára rẹ̀, tí a tún sá sóòrùn títí ó fi gbẹ táútáú! Mo ká gbogbo rẹ̀ sínú àpótí. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń tà á fún àwọn tó ń yà lọ́dọ̀ mi, iye tí mo sì rí lórí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò tó owó aṣọ funfun tí mo fi ṣe é.

Ti ọdún 2020 gba ọ̀nà mìíràn yọ. Kí wọ́n tó kéde ẹnikẹ́ni tó ní kòrónà ní Nàìjíríà ni àwọn tó ń ta àwọ̀ fún wa lọ́jà ti ń sọ pé ọjà kò dé láti Ṣáínà, pé àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀ kò ṣí. Nígbà tí ọdún fi máa dé àárín, háídírọ̀, kẹ́míkà tí à ń pò mọ́ àwọ̀ kí ó lè mú aṣọ, tí à ń rà ní kọ́ńgò kọ́ńgò tẹ́lẹ̀, ṣíbí ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n fún wa.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ là yé mi nìyí. Ṣé àrùn fúnra rẹ̀ ló ń ba òwò jẹ́, àbí ìbẹ̀rù àwọn ènìyàn àti àṣẹ àwọn ìjọba? Kí ló dé tó fi máa ń dun àwa tí a wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà jù, kódà nígbà tí àrùn náà kò ti ọ̀dọ̀ wa bẹ̀rẹ̀? Ǹjẹ́ òfin kankan sì wà tí kò jẹ́ kí orílẹ̀-èdè kan kàn ti ilẹ̀kùn mọ́ ọjà ẹlòmíràn láìnídìí?

Olùkọ́ Àgbà, Òkè-Fìà:

Ìyá Aláró, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ọ̀rọ̀ àwọn aṣọ náà. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìmọ̀ ọrọ̀-ajé kí n tó fẹ̀yìntì, irú ìbéèrè yìí gan-an ni mo sì máa ń fẹ́ kí wọ́n bi mí nígbà náà. Ìdáhùn mi sí èkíní ni pé méjèèjì ni, ṣùgbọ́n wọn kò dọ́gba. Nínú owó tó ń sọnù nígbà àjàkálẹ̀-àrùn, èyí tí àìsàn àti ikú fúnra wọn ń gbé lọ kì í sábà tó èyí tí ìbẹ̀rù ń gbé lọ.

Ẹ wo ìlú Surat ní Íńdíà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1994, ariwo ta níbẹ̀ pé àrùn burúkú tí eégbọn ara eku ń tàn ká ti bẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó kú kò tó 60. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó kọjá, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ti dẹ́kun lílọ sí Íńdíà, àwọn orílẹ̀-èdè kan ti kọ ọjà tó ti ibẹ̀ wá, iye tí wọ́n sì fojú bù pé orílẹ̀-èdè náà pàdánù sún mọ́ bílíọ̀nù 2 dọ́là. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà, ní 1991, onígbáméjì ni ó jà ní Perú. Èyí kì í ṣe àrùn kékeré rárá, nítorí pé àwọn tó kó o ní ọdún kan ṣoṣo lé ní 300,000. Ṣùgbọ́n ẹja àti àwọn ohun mìíràn inú òkun ni Perú ń tà fún òkèèrè, nígbà tí àwọn tó ń rà á sì ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, tí àwọn àlejò náà kò wá mọ́, ohun tí wọ́n fojú bù pé ó sọnù lé ní mílíọ̀nù 700 dọ́là.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti Adágún Victoria. Ní ìparí ọdún 1997, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní àwọn kò ra ẹja tútù mọ́ láti Kẹ́ńyà, Uganda, Tanzania àti Mozambique, nítorí pé onígbáméjì ń jà níbẹ̀. Àwọn apẹja tó ti ta ẹja wọn fún àwọn ilé iṣẹ́ etí adágún fún ọ̀pọ̀ ọdún kò rí ẹni rà á lọ́wọ́ wọn mọ́, àwọn obìnrin tó ń la ẹja náà sì pàdánù iṣẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé sọ ọ́ ní gbangba pé ewu tó wà nínú ẹja bẹ́ẹ̀ kéré gan-an, pé kíkọ̀ ọ́ kọ́ ni ọ̀nà tó yẹ. Ó di àárín ọdún 1998 kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn padà. Oṣù bíi mẹ́fà nìyẹn, apẹja tí kò ní owó ní ìpamọ́ kò sì lè fi oṣù mẹ́fà dúró de ẹnikẹ́ni.

Ti Ẹ̀bólà tí ẹ mẹ́nu bà, Gínì, Làìbéríà àti Sierra Leone ló jẹ ìyà rẹ̀ jù. Àwọn tó kó o níbẹ̀ lé ní 28,000, àwọn tó kú sì lé ní 11,000. Ní ti èyí, ikú náà pọ̀, n kò ní sọ pé ìbẹ̀rù nìkan ni. Síbẹ̀, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe tẹ̀ síwájú: ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, àwọn aládùúgbò bíi Côte d'Ivoire àti Senegal ti ẹnubodè wọn pa, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ńlá dẹ́kun lílọ síbẹ̀, àwọn tó ń bá Làìbéríà kọ́ ibi ìwakùsà irin kó àwọn òṣìṣẹ́ wọn kúrò. Báńkì Àgbáyé fojú bù ú pé bílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́ta náà pàdánù nínú ohun tí ọrọ̀-ajé wọn ì bá mú wá ní ọdún 2015.

Ní báyìí, kí ló dé tó fi ń dun àwa jù? Igi kan kì í dá igbó ṣe. Orílẹ̀-èdè tó ń ta ọgọ́rùn-ún irú ọjà, bí wọ́n bá kọ ẹyọ kan lọ́wọ́ rẹ̀, yóò máa ta ìyókù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn orílẹ̀-èdè wa ló jẹ́ pé ohun kan tàbí méjì ni wọ́n ń tà: ẹja, kòkó, bàbà, epo. Ní tiwa ní Nàìjíríà, epo rọ̀bì ni ó ń mú èyí tó pọ̀ jù wá nínú owó tí à ń rí láti òkèèrè. Ibí yìí sì ni mo fẹ́ kí ẹ ti rí ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ háídírọ̀ yín, nítorí pé kì í ṣe ilé iṣẹ́ Ṣáínà tí kò ṣí nìkan ló fà á. Nígbà tí kòrónà dá ọkọ̀ òfuurufú àti ọkọ̀ ilẹ̀ dúró káàkiri ayé, kò sí ẹni tó ń ra epo bí ti tẹ́lẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ti gbé ètò ìnáwó ọdún 2020 ka orí 57 dọ́là fún àgbá epo kan, wọ́n sì ní láti gé e wá sí 28 dọ́là. Dọ́là tó ń wọlé dín kù. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, dọ́là kan ní báńkì àpapọ̀ kúrò ní nǹkan bí 306 náírà bọ́ sí 360, ti ọjà dúdú sì ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń kó àwọ̀ wọlé láti Ṣáínà, dọ́là ló ń san. Nítorí náà, ká ní ilé iṣẹ́ àwọ̀ kankan kò tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn fún ọjọ́ kan, owó àwọ̀ yín ì bá ṣì wọ́n. Ọ̀nà tí àrùn náà gbà dé inú ìkòkò aró yín nìyẹn: ó gba orí epo, ó gba orí dọ́là, kò nílò kí ẹnikẹ́ni wúkọ́ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Oníkajú, Òpópónà Ìwó:

Ẹ ṣeun, Olùkọ́. Mo fẹ́ fi ti kajú kún un, torí pé èmi ni mo wà níbẹ̀.

Kajú máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ ní oṣù Kejì, inú oṣù Kẹta àti Ìkẹrin ni ó sì ń pọ̀ jù. À ń rà á jọ láti àwọn abúlé tó wà ní àyíká Ìwó, Ẹjìgbò títí dé ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, a ó kó o lọ sí Èkó, ọkọ̀ ojú omi yóò sì gbé e lọ sí Vietnam àti Íńdíà, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fọ́ ọ wà. Ọmọ kajú kì í ṣe ohun tí a kàn ń wọ̀n tí a sì ń san owó lé lórí. Ẹni tó fẹ́ rà á yóò bu díẹ̀ láti inú àpò, yóò máa fi ọ̀bẹ là á sí méjì lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sórí tábìlì: èyí tí inú rẹ̀ funfun tó sì kún, èyí tó ní àmì, èyí tó dúdú, èyí tó ṣófo. Orí ohun tó bá rí nínú rẹ̀ ni iye owó yóò dúró lé.

Ní ọdún 2020, ogójì àpò ló wà nílé ẹrù mi nígbà tí Íńdíà pàṣẹ kónílé-ó-gbélé ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta. Ẹni tí mo ń kó o fún ní Èkó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kejì pé kí n dá ọwọ́ dúró. Kí oṣù náà tó parí, Èkó fúnra rẹ̀ tì, àwa náà tì ní Ọ̀ṣun. Àwọn àgbẹ̀ ń pè mí láti oko pé kajú ti kún ilẹ̀, pé kí n wá fi iyekíye kó o. Ohùn wọn kò kúrò létí mi bọ̀rọ̀. Àwọn kan fi sílẹ̀ nídìí igi nítorí pé owó tí wọn yóò san fún àwọn tó ń ṣà á ju èyí tí wọn yóò rí lọ. Òjò bẹ̀rẹ̀. Kajú tí kò gbẹ dénú, bí ọ̀rinrin bá wọ inú àpò rẹ̀, ńṣe ni ó ń bu. Nígbà tí ọ̀nà wá ṣí tí wọ́n sì la ti èmi wò, inú rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìdajì iye tí mo rà á ni mo fi tà á.

Ilé iṣẹ́ tó tì ní oṣù Kẹta lè ṣí ní oṣù Kẹfà kí ó sì máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n igi kajú kò ní so lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọdún tó yí po. Ọjà àwọn orílẹ̀-èdè tiwa, oko ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, àkókò oko kò sì dúró de àṣẹ ìjọba kankan. Èkejì sì ni pé ó dùn mí pé tútù ni a ń tà á. Ká ní a ní ibi tó pọ̀ tó tí a ti lè fọ́ kajú níbí, kí a yan án, kí a dì í sínú ọ̀rá, a ì bá tà á fún ara wa fún oṣù mélòó kan náà. Ṣùgbọ́n ọmọ kajú tó ṣì wà nínú èèpo, ta ni yóò rà á lọ́wọ́ mi ní Òṣogbo?

Ọmọ Òkè-Báálẹ̀:

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe irú èyí náà ló ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀wà wa tí Yúróòpù ní àwọn kò fẹ́ mọ́?

Olùkọ́ Àgbà, Òkè-Fìà:

Rárá o, ẹ má jẹ́ kí a dà á pọ̀, kí Ìyá Aláró má baà gbé e lọ sí ìpàdé. Ti ẹ̀wà, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjàkálẹ̀-àrùn. Oògùn apakòkòrò dichlorvos ni wọ́n bá nínú rẹ̀, ó sì ju ìwọ̀n tí òfin wọn gbà láàyè lọ. Ọwọ́ àwa fúnra wa ni àtúnṣe ìyẹn wà.

Ọmọ Ẹjìgbò:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ Ẹjìgbò mọ̀ pé Àbíjàn ni ilé wa kejì. Láti ayé àwọn bàbá bàbá wa ni àwọn ènìyàn wa ti ń ṣòwò ní Côte d'Ivoire, ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n bí síbẹ̀, a ń sọ Faransé pọ̀ mọ́ Yorùbá. Bọ́ọ̀sì láti Ẹjìgbò sí Àbíjàn kì í ṣe ohun tuntun lójú ẹnikẹ́ni.

Ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 2020, àwọn ènìyàn wa 127 dé láti Côte d'Ivoire. Wọ́n ti la Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kọjá kí wọ́n tó dé ilé. Ìjọba ìpínlẹ̀ kó wọn pamọ́ sí ibì kan ní Ẹjìgbò, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n sì bá àrùn náà lára àwọn kan nínú wọn. Èyí dára, ohun tó yẹ kí ìjọba ṣe ni. Ṣùgbọ́n àbúrò ìyá mi wà nínú wọn, wọn kò bá àrùn kankan lára rẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n tú u sílẹ̀, ó padà sílé. Ó kó aṣọ àti ìpara díẹ̀ bọ̀ láti Àbíjàn, ó ní kí òun tà á kí òun fi rí owó jẹun. Fún oṣù méjì, àwọn ará ọjà tó mọ̀ ọ́n láti kékeré kò fọwọ́ kan ẹrù rẹ̀. Wọ́n á kí i láti òkèèrè, wọ́n á kọjá. Ìyá Aláró, ohun tí oníbàárà òkè òkun ṣe sí yín, àwa náà ṣe é sí ara wa nílé.

Mo tún fẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀ àwọn òǹtàjà bíi tirẹ̀ ní ìpàdé yín. Òwò tiwọn kì í sí nínú ìwé aṣọ́bodè. Obìnrin tó di ẹrù sínú báàgì mẹ́ta tó sì wọ bọ́ọ̀sì, òun fúnra rẹ̀ ni ọkọ̀ ẹrù, òun ni báńkì, òun ni ọ́fíìsì. Nígbà tí ìjọba bá ní ọjà lè kọjá lẹ́nubodè ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè kọjá, tírélà tó gbé kọ̀ńténà yóò kọjá, òun kò ní kọjá. Nàìjíríà sì ti ti ẹnubodè ilẹ̀ mọ́ ọjà láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 nítorí ọ̀rọ̀ fàyàwọ́, èyí tí kò kan àrùn rárá, oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Nítorí náà, àwọn tiwa ti ń jẹ ìyà kan lọ́wọ́ kí kòrónà tó fi èkejì lé e.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Aláyékúwọ̀dò:

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, omi sì ń bọ́ lójú mi nígbà tí mo dé ibi àbúrò ìyá Ọmọ Ẹjìgbò. Iṣẹ́ ìlera ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè kẹta.

Òfin wà. Ó tilẹ̀ ti pẹ́, nítorí pé láti ọdún 1851 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti pàdé ní Paris láti wá bí wọn yóò ṣe dènà onígbáméjì àti àwọn àrùn bẹ́ẹ̀ láìdá òwò orí omi dúró ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tí à ń lò lónìí ni Òfin Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2005, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹfà ọdún 2007, àwọn orílẹ̀-èdè tó lé ní 190 sì ni ó dè. Ó ní kí orílẹ̀-èdè tó bá rí àrùn tó lè tàn kálẹ̀ kéde rẹ̀ kíákíá, ó sì ní kí àwọn ìyókù má ṣe dí ìrìn àjò àti òwò lọ́wọ́ ju ohun tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fi hàn pé ó pọn dandan. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ẹ̀bólà ti di pàjáwìrì, wọ́n sọ ọ́ kedere pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fòfin de òwò tàbí ìrìn àjò. Ẹ ti gbọ́ lẹ́nu Olùkọ́ ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe nínú oṣù náà gan-an. Àjọ náà lè gbani níyànjú, kò ní ọlọ́pàá, kò lè bu owó ìtanràn lé ẹnikẹ́ni.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú èyí ju owó lọ. Ẹni tó bá sọ òtítọ́ ni ìyà kọ́kọ́ ń jẹ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, àwọn onímọ̀ ní South Africa àti Botswana rí ẹ̀yà kòrónà tuntun tí wọ́n wá pè ní Omicron, wọ́n sì kéde rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo gúúsù Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yà náà ti wà ní Yúróòpù pẹ̀lú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi Nàìjíríà kún un. Ìjọba tó bá rí èyí, tó sì ní ẹran ọ̀sìn tàbí ẹja tó fẹ́ tà, ṣé kò ní í wù ú láti pa ẹnu mọ́ nígbà mìíràn? Àrùn tí a bá sì fi pa mọ́ fún oṣù kan kì í dúró sójú kan.

Ẹ má sì rò pé n kò mọ pé ìdènà kan tọ́. Ní ọdún 2000, ibà kan tí ẹ̀fọn ń gbé láti ara ẹran sí ara ènìyàn, ibà Àfonífojì Rift, ṣẹlẹ̀ ní Saudi Arabia àti Yemen, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n rí i ní òde Áfíríkà nìyẹn. Àwọn Saudi kò ra àgùntàn àti ewúrẹ́ láti Sòmálíà mọ́. Àrùn náà ń bá ẹran rìn lóòótọ́, n kò lè dá wọn lẹ́bi pé wọ́n dúró. Ṣùgbọ́n títí di ọdún 2009 ni wọ́n fi dúró, ẹran sì ni gbogbo ọrọ̀ àwọn darandaran ibẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń dá ẹran dúró láti yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó wọ ọkọ̀ ní èbúté Berbera wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn padà. Ibi àyẹ̀wò, ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àwọn oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́: àìsí ìwọ̀nyí ló ń jẹ́ kí wọ́n kọ ọjà wa fún ọdún mẹ́sàn-án dípò oṣù mẹ́sàn-án.

Nàìjíríà fi hàn ní 2014 pé ó ṣeé ṣe. Dókítà Ameyo Adadevoh àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn àkọ́kọ́ jáde, ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Àwọn òṣìṣẹ́ wa tọ àwọn 894 tó ti fara kan àwọn aláìsàn lẹ́yìn, wọ́n lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé nǹkan bí ìgbà 18,500 láti wo bí ara wọn ṣe rí. Ènìyàn 20 ló ṣàìsàn, 8 kú, nígbà tó sì di ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, wọ́n kéde pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Mo máa ń ronú nípa ohun tí ìlú Èkó àti èbúté rẹ̀ ì bá ti dà ká ní wọn kò ṣe é.

Ìyá Aláró, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ọlọ́run yóò san yín lẹ́san rere. Olùkọ́, ọ̀rọ̀ dọ́là yẹn ni n kò rò rí. Àwọn tó ń ta àwọ̀ ni mo ń bínú sí láti ìgbà náà wá, mo sì ti rí i pé mo ṣì wọ́n mú.

Ọ̀rọ̀ Oníkajú rán mi létí ohun kan. Nígbà tí háídírọ̀ di ohun tí à ń fi ṣíbí wọ̀n, mo gbé àwọn ìkòkò ìyá mi síta. Nígbà ayé tiwọn, ewé èlú tí wọ́n gún, tí wọ́n ṣù róbótó tí wọ́n sì sá gbẹ, òun ni aró wọn. Eérú igi tí wọ́n kó sínú ajere tí wọ́n sì ń da omi lé lórí kí ó máa kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀, òun ni kọ́sítíìkì wọn. Kò sí ọkọ̀ ojú omi kankan nínú rẹ̀. Mo rí obìnrin kan láti apá Ìkìrun tó ṣì ń ṣù èlú, mo ra ọgọ́rùn-ún ṣùṣù lọ́wọ́ rẹ̀, a sì dúró tó ọ̀sẹ̀ kan kí aró náà tó ṣeé lò. Ó dára, ó dúdú bí ọ̀run alẹ́. Ṣùgbọ́n aró nìkan ni èlú ń fúnni. Kò fúnni ní pupa, kò fúnni ní ọsàn, kaǹpálà tí àwọn oníbàárà mi ń fẹ́ kò sì lè jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo. Nítorí náà, n kò ní sọ fún ẹgbẹ́ pé kí a padà sẹ́yìn pátápátá. Màá sọ pé kí a jọ máa ra àwọ̀ oṣù mẹ́fà pamọ́ láti inú owó ẹgbẹ́, kí a sì ní ìkòkò èlú kan tàbí méjì tí kò gbọdọ̀ gbẹ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, ìbéèrè kan ló kù. Bí àrùn mìíràn bá dé, tí oníbàárà mi sì tún kọ̀wé bẹ́ẹ̀, kí ni mo lè fi hàn án?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Aláyékúwọ̀dò:

Ẹ wá ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bá kéde lórí àrùn náà gan-an. Wọ́n máa ń sọ níbẹ̀ bóyá ìdí wà láti dá ọjà dúró tàbí kò sí, ẹ sì fi í mọ́ lẹ́tà yín. Ẹ tún ṣàlàyé bí ẹ ṣe ń ṣe aṣọ náà, bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún wa lókè yìí, omi híhó àti oòrùn. Ẹ̀bólà, ohun tó bá jáde lára ẹni tí àìsàn náà ń ṣe ni ó ń gbé e, ẹ̀jẹ̀, èébì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí oníbàárà bá rí i ní àkọsílẹ̀, yóò ní ohun tí òun náà lè fi han àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kí ìbẹ̀rù náà má tilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀.

Ìyá Aláró, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:

Ẹ ṣé gan-an ni, màá kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ogójì aṣọ ọdún 2014 yẹn, mẹ́ta ló kù nínú àpótí. Màá mú wọn lọ sí ìpàdé, kí àwọn ènìyàn fọwọ́ kàn wọ́n.